Iyanrìn Ló Ń Jókòó Níbi Tí A Kò Gbọdọ̀ Jókòó

Ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ tí aṣọ rẹ̀ kò ní tutù, kó má wulẹ̀ fetí sí mi, torí orí omi ni mo ti lo ọjọ́ ayé mi. Atukọ̀ ni mí. Gàníyù Àdìsá lorúkọ mi, ọmọ Ìta Fájì ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù lẹ́nu mi títí tó fi funfun ni mo ń gbé èèyàn sọdá láti Èkó lọ sí Àpápá, tí mo sì ń gbé wọn padà. Àwọn ọmọ àdúgbò máa ń bi mí pé, "Bàbá, ṣé lílọ bíbọ̀ lójú kan náà kò sú yín ni?" Mo máa ń sọ fún wọn pé omi tí mo gbà kọjá láàárọ̀ kọ́ ni mo ń bá nírọ̀lẹ́. Ẹ jókòó, kí n sọ bó ṣe rí fún yín kẹ́ ẹ tó lọ fi orí ara yín sínú iṣẹ́ tẹ́ ò mọ̀dí.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ kò gùn. Bàbá mi bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ ọ̀gá, ó parí. Owó oṣù mi ńkọ́? Ó kéré. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Nígbà tí mò ń wí yìí, àwọn Òyìnbó ṣì ni wọ́n ń ṣèjọba lé wa lórí, afárá tó ti Apọ́ngbọ̀n lọ yìí kò sì tíì sí. Ẹni tó bá fẹ́ dé Àpápá kíá, ọkọ̀ ojú omi ló máa wọ̀. Ilé iṣẹ́ Òyìnbó aládàáni kan ló ni tiwa. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni à ń pè ní Bàbá Ẹ̀pẹ́, torí Ẹ̀pẹ́ ló ti wá. Bàbá Ẹ̀pẹ́ kì í tún ọ̀rọ̀ sọ. Bó bá fi ẹnu sọ̀kan, okùn ọwọ́ rẹ̀ ló máa sọ èkejì.

Bàbá yìí ní abọ́ tánganran funfun kan tó máa ń gbé kalẹ̀ nídìí ọkọ̀. Ó fi ọ̀dà pupa fa ìlà yí inú abọ́ náà ká, ó sì máa ń bu omi sí i dé ojú ìlà. Bí ọkọ̀ bá dúró déédéé, omi á bá ìlà dọ́gba yíká. Bí ọkọ̀ bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, omi á bo ìlà níbẹ̀. Òfin Bàbá Ẹ̀pẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: bí omi bá bo ìlà, o kò gbọdọ̀ ṣí ọkọ̀ ní èbúté, ìbáà ṣe ọba ló wà nínú rẹ̀. Ó ní èèyàn lè purọ́, omi kì í purọ́.

Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ dé, mi ò fọwọ́ kan ìtọ́kọ̀ rárá. Abọ́ omi ni mò ń gbé. Bí ọkọ̀ bá wà lójú ìgbì, Bàbá á ní kí n gbé abọ́ kíkún láti ìdí ọkọ̀ lọ sí iwájú, kí n má ta á sílẹ̀. Bó bá dà, okùn. Àwa méjì la jọ ń kọ́ṣẹ́ náà, èmi àti Múfútàù, ọmọ ìyá alábọ́ ní Ìta Fájì. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ gan-an ni Bàbá ti ra abọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kan, Múfútàù dá ọgbọ́n, ó bu omi mu nínú abọ́ kó lè fúyẹ́, kó má baà dà. Bàbá Ẹ̀pẹ́ wo inú abọ́, ó wo ẹnu Múfútàù.

"Òǹgbẹ ló ń gbẹ ọ́ ni, Múfútàù?"

"Rárá o, Bàbá."

"Ó ń gbẹ ọ́. Mu ìyókù."

Omi ọ̀sà oníyọ̀ ni, ó mu ún tán. Mo rẹ́rìn-ín títí, ni Bàbá bá bu òmíràn fún èmi náà. Èmi àti Múfútàù kò fi ara wa sílẹ̀ látọjọ́ náà. Inú bí mi sí Bàbá Ẹ̀pẹ́ nígbà yẹn ju bẹ́ ẹ ṣe lè rò lọ, ṣùgbọ́n ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹsẹ̀ mi ń gbọ́ ohun tí ọkọ̀ ń sọ kí ojú mi tó rí i.

Ẹ wá gbọ́ bí ọkọ̀ yẹn ṣe rí. Bẹ́ńṣì wà lápá òsì, bẹ́ńṣì wà lápá ọ̀tún, okùn funfun kan ló pín wọn níyà. Pákó lásán ni ti òsì, oòrùn ń pa á, òjò ń pa á. Ti ọ̀tún ní tìmùtìmù, wọ́n sì ta aṣọ bò ó lórí. Òyìnbó nìkan ló ń jókòó lápá ọ̀tún. Kò sí òfin ìjọba kankan tó sọ bẹ́ẹ̀, àṣà ilé iṣẹ́ wọn ni. Lọ́yà dúdú tòun ti kóòtù rẹ̀, tíṣà, aránṣọ, ìyá ọlọ́mọ, gbogbo wa la jọ há mọ́ra lápá òsì, tí Òyìnbó méjì tàbí mẹ́ta á na ara sórí tìmùtìmù lọ́hùn-ún.

Ẹ ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Bí èrò bá pọ̀ lápá kan, tí kò sí lápá kejì, ọkọ̀ á fì. Kí ni wọ́n wá ṣe sí i? Wọ́n rọ iyanrìn sínú àpò, wọ́n tò ó sábẹ́ tìmùtìmù kí apá ọ̀tún lè wúwo. Iyanrìn etí ọ̀sà ló ń jókòó níbi tí a kò gbọdọ̀ jókòó. Ọ̀rọ̀ náà máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì máa ń dùn mí dé egungun. Ó tẹ́ wọn lọ́rùn kí iyanrìn bá wọn wọkọ̀ ju kí ìyá mi bá wọn wọ̀ ọ́ lọ.

Lọ́jọ́ kan nígbà òjò, ìjì ká wa mọ́ àárín ọ̀sà. Bàbá Ẹ̀pẹ́ ló wà nídìí ọkọ̀. Ìgbì gbé apá ọ̀tún sókè, okùn tí wọ́n fi di àwọn àpò iyanrìn já, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bọ̀ lápá òsì níbi tí èrò wà. Bí gbogbo wọn bá fi lè dé ibẹ̀, ọkọ̀ á dojú dé. Múfútàù ló kọ́kọ́ sáré lọ, ó fi ẹ̀yìn ti àwọn àpò náà. Mo ń tẹ̀ lé e bọ̀.

"Gàníyù, má wá," ó ké sí mi. "Di àwọn ọmọdé mú."

Ọ̀rọ̀ tó sọ gbẹ̀yìn nìyẹn. Àwọn àpò náà dúró, ọkọ̀ náà dúró, ṣùgbọ́n ìgbì tó tẹ̀ lé e gbá òun àti àpò tó wà léjìká rẹ̀ lọ. Kò sí èrò kan tó kú. Múfútàù nìkan ni omi gbé jáde fún wa lápá Àpápá, a wẹ̀ ẹ́, a kírun sí i lára, a sin ín. Mo sunkún bí ọmọdé. Títí dòní, bí òjò bá ṣú láti apá òkun, àyà mi máa ń já.

Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá pátápátá kì í rìn láìmú agboòrùn dání, Alágboòrùn la sì ń pè é. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ìkà èèyàn kọ́. Ó wá kí Ìyá Múfútàù nílé, ó ṣí fìlà lórí. Ìyá ní ìbéèrè kan ṣoṣo fún un, èmi ni mo fi Gẹ̀ẹ́sì jákujàku mi túmọ̀ rẹ̀.

"Gàníyù, bá mi bi í. Kí ni iyanrìn ń wá nínú ọkọ̀ èèyàn?"

Alágboòrùn wolẹ̀. Nígbà tó dé ibi iṣẹ́, ó pàṣẹ pé láti ọjọ́ náà lọ, ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ ṣí bó bá fì, àti pé atukọ̀ tó bá ṣí i, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin Bàbá Ẹ̀pẹ́ wá di òfin Òyìnbó. Wọ́n fi wáyà di iyanrìn mọ́lẹ̀. Okùn funfun àárín yẹn ńkọ́? Wọn ò fọwọ́ kàn án. Ìyá Múfútàù kò sì wọ ọkọ̀ wa mọ́. Ọkọ̀ àwọn apẹja tí wọ́n ń fi ọ̀pá tì ló fi ń kó abọ́ rẹ̀ lọ ta ní Àpápá.

Ọwọ́ Bàbá Ẹ̀pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nídìí ọkọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n fi í ṣe alábòójútó ní èbúté, ìdí ọkọ̀ sì bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ìgbà yẹn náà ni irinṣẹ́ ń yí padà. Ẹ́ńjìnnì wa tó ń jẹ èédú lọ, èyí tó ń mu epo dísẹ́lì dé, ariwo rẹ̀ kò jẹ́ ká gbọ́ ara wa. Ọ̀pá gígùn tí a fi ń wọn bí omi ṣe jìn tó lọ sílé, ẹ̀rọ kan gba ipò rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní kí n da abọ́ Bàbá Ẹ̀pẹ́ nù, pé nǹkan àwọn ará àtijọ́ ni. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e kíkún lọ sí iwájú ọkọ̀ ná.

Lọ́dọọdún, bí òjò bá dáwọ́ dúró, a máa ń kó iyanrìn sọ̀kalẹ̀, a máa ń fa ọkọ̀ gòkè, a ó ha ìkarahun tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Bá a bá ti tì í padà sómi, àwọn alááru láti Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ni wọ́n máa ń wá gbé iyanrìn tuntun wọ̀ ọ́. Lọ́dún kan, a ha ọkọ̀ tán, a tì í sómi, alááru kankan kò wá.

Ìyá Múfútàù ló ti lọ bá wọn, ojúlé dé ojúlé. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò gbóhùn sókè. Ohun tó ń sọ ni pé, "Iyanrìn tó gbé ọmọ mi lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi gbé e wọkọ̀ mọ́." Ta ló máa gbọ́ ìyẹn lẹ́nu abiyamọ tó tún máa ru àpò? Ó dé àárín àwọn aránṣọ, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tíṣà, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá ọlọ́jà. Ó ní kí wọ́n wọkọ̀ bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́, kí wọ́n jókòó síbi tí Òyìnbó ní kí wọ́n jókòó sí, kí ẹnikẹ́ni má sọdá okùn, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ̀ kalẹ̀. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà.

Ó wá bá èmi náà nílé. Oyún àkọ́bí mi wà nínú ìyàwó mi nígbà yẹn.

"Gàníyù, mi ò bẹ̀ ọ́ kó o ṣe nǹkan kan," ó ní. "Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni kó o ṣe."

Nígbà tó lọ tán, ìyàwó mi bi mí pé, "Bí wọ́n bá lé yín ńkọ́?"

Iṣẹ́ ìdí ọkọ̀ nìkan ni mo mọ̀ láyé. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ mi, kò sí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Òyìnbó tó tún máa gbà mí ní Èkó.

Ìyàwó mi wò mí títí. "Ó dáa," ó ní, "a ó máa bá Ìyá ru abọ́. Ẹ̀yin lẹ máa ru èyí tó wúwo ṣá."

Ilẹ̀ mọ́, èrò wọkọ̀. Wọ́n há mọ́ra lápá òsì, wọ́n kí mi, "Atukọ̀, ẹ kú ojúmọ́." Ìyá Múfútàù náà wọ̀ ọ́, ẹrù abọ́ lórí, ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti kú. Òyìnbó mẹ́ta wà lápá ọ̀tún. Mo wo abọ́ mi, omi ti bo ìlà lápá òsì. Mi ò lu agogo fún ẹni tó wà nídìí ẹ́ńjìnnì. Mo ká ọwọ́ mi, mo jókòó.

Alágboòrùn dé. "Gàníyù, kí ló dé tó ò ṣí?"

"Ọkọ̀ fì, sà."

"Iyanrìn ńkọ́?"

"Wọn ò gbé e wá, sà."

Ó lọ bá àwọn alááru tó wà ní èbúté. Gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀ kí i. Wọ́n ní ẹrù yòówù kó gbé kalẹ̀ làwọn máa rù, àfi iyanrìn. Ó ní òun á fi kún owó wọn, wọ́n ní kó má fi kún un. Ó wá sọ fún èrò apá òsì pé kí àwọn kan sọ̀ kalẹ̀. Aránṣọ Ìjẹ̀bú kan ló fohùn jẹ́jẹ́ dá a lóhùn pé, "Ẹ má bínú, sà. A ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, a sì jókòó síbi tẹ́ ẹ fi wá sí. A ò kánjú."

Wọ́n ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá bi Alágboòrùn pé, "Kí ni wọ́n ṣe?"

"Wọ́n jókòó."

"Ṣé ibẹ̀ kọ́ ni ibi tí wọ́n máa ń jókòó sí ni?"

"Ibẹ̀ ni."

Ọlọ́pàá họrí, ó yíjú wò mí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìgbà tí oòrùn mú, àwọn akọ̀wé Òyìnbó méjì bọ́ kóòtù sílẹ̀, wọ́n ní àwọn á gbé iyanrìn náà fúnra wọn. Ẹ̀yin ọmọ, àpò iyanrìn kì í ṣe gègé ìkọ̀wé. Ọ̀kan mú orí, ọ̀kan mú ìdí, wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bọ̀ lórí pákó èbúté. Ìyá Múfútàù ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bá a bá rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, a máa ń kí i, bí a ṣe tọ́ wa nìyẹn. Gbogbo ọkọ̀ bá dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ẹ̀rù ba èyí tó wà níwájú, ó jọ pé ó rò pé wọ́n bú òun, ni àpò bá já bọ́, ó sì bẹ́. Iyanrìn wọ́ wọ inú ọ̀sà. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o," bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọkọ̀ tún wí. Mo já ètè mi jẹ kí ẹ̀rín má baà pa mí.

Èrò jókòó títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n padà sílé. Ọjà ọjọ́ náà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n tún padà wá, wọ́n tilẹ̀ pọ̀ ju ti àná lọ. Àwọn Òyìnbó tó wà lápá ọ̀tún lọ́jọ́ yẹn ń lọ wọ ọkọ̀ òkun ní Àpápá, wọ́n ń wo aago ọwọ́ wọn. Alágboòrùn bọ́ sínú ọkọ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Bó ò bá ṣí ọkọ̀ yìí báyìí," ó ní, "mo máa gba ìdí ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ, o kò sì ní ṣiṣẹ́ kankan lórí omi yìí mọ́."

Mo rántí oyún tó wà nílé. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ní kí n má ṣí i bó bá fì."

Ó pariwo pé kí wọ́n lọ pe Bàbá Ẹ̀pẹ́ wá kó wá tu ọkọ̀ náà. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí gan-an, torí gbogbo ọdún tí mo fi bá Bàbá ṣiṣẹ́, mi ò gbọ́ kó sọ fún Òyìnbó rí pé rárá. Bí òun bá gba ìdí ọkọ̀, gbogbo ẹ̀ parí, iṣẹ́ mi àti wàhálà Ìyá Múfútàù. Bàbá dé, pẹ̀lú ọ̀pá. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abọ́ náà, ó fi ìka kan omi.

"Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Bí omi bá rí báyìí, kí ni mo ní kó o ṣe?"

"Ẹ ní kí n má ṣí ọkọ̀."

Ó nàró. Kò wo Alágboòrùn, kò wò mí. Ó rọra rìn lọ sápá òsì, ó ní kí aránṣọ Ìjẹ̀bú yẹn sún fún òun, ó sì jókòó ti Ìyá Múfútàù. Mo wo inú abọ́, omi tún gòkè díẹ̀ sí i lápá òsì. Omijé bọ́ lójú mi, mi ò tijú láti sọ ọ́.

Ọkọ̀ òkun fọn fèrè lápá Àpápá, ọ̀kan nínú àwọn Òyìnbó tó ń rìnrìn àjò sì fìbínú sọ̀rọ̀ sí Alágboòrùn. Alágboòrùn dúró sójú kan pẹ̀lú agboòrùn rẹ̀ lórí. Nígbà tó yá, ó pa agboòrùn náà dé, ó fi há abíyá, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú okùn funfun náà.

"Ṣe é bó ṣe máa dúró déédéé," ó wí fún mi.

Mo ṣe é bí mo ṣe máa ń ṣe é bí mo bá ń to ẹrù. Mo ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níwájú, ẹ bọ́ sápá ọ̀tún. Ẹ rọra, ẹ má ti ara yín." Kò sẹ́ni tó sáré. Òyìnbó kan dìde, ó lọ dúró síwájú ọkọ̀ pẹ̀lú ìbínú, àwọn yòókù sún fún èèyàn.

Iyanrìn kò wọ ọkọ̀ yẹn mọ́ láéláé. Mo tu ọkọ̀ náà títí wọ́n fi gbé òmíràn fún mi, mo tu ìyẹn náà títí afárá fi dé tí èrò ń fi mọ́tò lọ, títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àkọ́bí tí mò ń bẹ̀rù nítorí rẹ̀ yẹn ti di ìyá àgbà. Bí ọ̀dọ́ kan bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni kóun ṣe, mi ò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kó kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹni tí kò ní gbà fún un, kó kọ́ ọ dáadáa, torí ọjọ́ kan ń bọ̀ tí iṣẹ́ náà nìkan ló máa kù tó máa fi ẹ̀yìn tì. Tèmi dé bá mi láàárọ̀ ọjọ́ tí Alágboòrùn tú okùn yẹn, nígbà tí èrò ti jókòó tán, tó ku Ìyá Múfútàù nìkan tí kò tíì sún.

Ó dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Ẹ̀pẹ́, ó sọ ẹrù abọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó rìn lọ sápá ọ̀tún, ó fọwọ́ kan tìmùtìmù, ó yíjú sí mi.

"Abẹ́ ibí ni iyanrìn yẹn máa ń wà?"

"Ibẹ̀ ni, Ìyá."

Ó jókòó síbẹ̀, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó gbé ọwọ́ lé itan.

"Wo omi rẹ."

Mo wò ó. "Ó bá ìlà dọ́gba, Ìyá."

"Máa gbé wa lọ," ó ní, mo sì lu agogo.